Dókítà ìgbèríko ní Sábẹ̀ẹ́: iṣẹ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ nínú agbo ilé

Ní ìgbà òjò, nígbà tí ọ̀nà ilẹ̀ bá ti di ẹrọ̀fọ̀, kì í ṣe ohun kékeré láti gbé aboyún tí ó ń rọbí kúrò ní àwọn oko Kaboua dé ìlú Sábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Savè. Bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà obìnrin ilé ni yóò kọ́kọ́ dúró tì í. Wọn yóò ní kí ó mú sùúrù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọmọ kò wá, wọn yóò ránṣẹ́ sí ọkọ. Bí ọkọ bá wà ní oko jíjìn, wọn yóò dúró dè é. Ọkọ yóò dé, yóò wá owó, yóò wá alùpùpù, yóò wá ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn obìnrin náà kí ó má baà ṣubú. Ní ilé ìlera, agbẹ̀bí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì rí i pé ọmọ dábùú nínú. Ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára rẹ̀ nìyẹn. Ó di Sábẹ̀ẹ́, ní ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí dókítà wà.

Kí dókítà tó fi ojú kan obìnrin yìí, wákàtí mẹ́wàá lè ti kọjá. Iṣẹ́ abẹ tí yóò ṣe fún un lè má gbà ju wákàtí kan lọ. Nínú wákàtí mọ́kànlá tí ẹ̀mí méjì fi wà nínú ewu, ẹyọ kan péré ni ó wà ní ọwọ́ dókítà. Mẹ́wàá yòókù wà ní ọwọ́ agbo ilé, ní ọwọ́ ọ̀nà, àti ní ọwọ́ ẹni tí yóò yá ènìyàn lówó ní òru.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2009 ni ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní kí iṣẹ́ abẹ láti gbé ọmọ jáde di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí a yàn fún un. 100.000 fàráǹkì ni a ń san fún ilé ìwòsàn lórí obìnrin kọ̀ọ̀kan, kí ẹbí má baà san án. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ó gbé obìnrin náà kúrò lóko kò sí lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó lè mú kí ìyá ọkọ sọ ní kíá pé, “Ó tó, ẹ jẹ́ kí á máa lọ.”

Sábẹ̀ẹ́ jìnnà sí Kútọnu ní nǹkan bí 250 kìlómítà. Ọ̀nà ọ̀dà àti ojú irin tí ó lọ sí Parakou gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn òkè àpáta rẹ̀ sì ni àlejò ń kọ́kọ́ rí. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀dà lè rò pé kò sí ohun tí ó jìnnà sí ìlú náà. Kí ó yà sí ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí odò Ọ̀pàrà wà ní ọ̀nà Nàìjíríà, tàbí kí ó gba ọ̀nà àwọn abúlé Kaboua. Yóò rí oko iṣu, oko kajú, gáà àwọn Fúlàní, àti ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò sí ilé mìíràn nítòsí wọn. Àwọn ènìyàn tí dókítà Sábẹ̀ẹ́ ń tọ́jú ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní kọmúnù 77, ìjọba sì pín gbogbo rẹ̀ sí ẹkùn ìlera 34. Sábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè ni a so pọ̀ di ẹkùn kan. Ní ìsàlẹ̀ ni ilé ìlera àwọn abúlé àti ti agbègbè wà. Olùtọ́jú aláìsàn àti agbẹ̀bí ni ó sábà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ti ẹkùn wà lókè wọn. Ohun tí ó bá ti ju agbára àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò já sí.

Ní Kútọnu, ẹni tí ojú ń dùn lè wá dókítà ojú lọ, ìyá ọmọ sì lè wá dókítà àwọn ọmọdé. Ní ìgbèríko, ẹnì kan náà ni gbogbo rẹ̀. Òun ni yóò tọ́jú ọmọ tí gìrì mú, òun ni yóò wo ẹni tí ó já bọ́ láti orí igi, òun ni a ó pè fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ kò dá lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Òun kan náà ni yóò ṣírò oògùn tí ó kù nínú àpótí, tí yóò sì kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní òpin oṣù.

Ẹ wo ọ̀ràn ejò. Ní àkókò tí a ń roko àti tí a ń kórè, ejò a máa ṣán àgbẹ̀ ní ẹsẹ̀ tàbí ní ọwọ́. Oró àwọn ejò kan nínú ìdílé paramọ́lẹ̀ a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà kò ní dì mọ́. Yóò máa sun láti inú èrìgì, láti imú, àti láti ojú egbò àtijọ́. Ní ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni yóò sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Dókítà ìgbèríko tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ. Yóò gbé e kalẹ̀, kò ní mì í, yóò máa wo aago. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, yóò rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti dì, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, oògùn apa-oró nìkan ni ó sì lè gbà á. Oògùn náà wọ́n, ó sì ṣọ̀wọ́n. Dókítà tí ó ní ìgò méjì nínú yìnyín tí ó sì ní aláìsàn mẹ́ta lórí ibùsùn ń ru ẹrù tí wọn kò fi kọ́ ọ ní yunifásítì.

Aláìsàn náà sì lè ti lo ọjọ́ kan nílé, pẹ̀lú okùn tí a so pinpin mọ́ itan rẹ̀ àti gbẹ́rẹ́ tí a sín yí ojú ehín ejò ká. Okùn yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì lè kú pátápátá. Gbẹ́rẹ́ yẹn, nínú ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́, ojú ihò tuntun ni ó ń ṣí fún ẹ̀jẹ̀ láti jáde. Ohun tí ó dára ni pé kí a mú kí ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kí a bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò lára rẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Kí a fi igi gbe ẹsẹ̀ náà bí ìgbà tí egungun ṣẹ́, kí a sì gbé e lọ láìdúró. Oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ó bá sọ fún ẹbí pé, “Ẹ gbé e lọ ní kíá,” ti ṣe ìdajì iṣẹ́ dókítà.

Iṣẹ́ náà tún ní ewu fún ẹni tí ó ń ṣe é. Ní ọdún 2014, ibà Lassa wọ Tanguiéta ní àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì wà lára àwọn tí ó kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou, tí ó bá ẹkùn Sábẹ̀ẹ́ àti Ouèssè pààlà. Eku inú ilé ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀. Dókítà tí ó gbé ọwọ́ lé aláìsàn láìwọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé ìbọ̀wọ́ ti tán nínú àpótí, kò mọ ohun tí ó fi ọwọ́ kàn.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà tí a kì í sábà kà sí ọ̀ràn ìṣègùn. Èdè ni. Èdè Faransé ni àwọn dókítà wa fi kẹ́kọ̀ọ́, ní Kútọnu tàbí ní Parakou, fún ọdún méje ó kéré tán. Dókítà tí a bí ní Lokossa tàbí ní Abomey lè dé Sábẹ̀ẹ́ láìgbọ́ ju “Ẹ káàárọ̀” lọ. Aboyún kan yóò wọlé, yóò ní, “Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, ojú mi ń ṣú.” Lẹ́nu obìnrin tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́fà, agogo ewu ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti ru, gìrì aboyún sì lè tẹ̀ lé e, èyí tí ó lè pa ìyá pa ọmọ. Bí ẹni tí ó ń túmọ̀ bá gé e kúrú, tí ó ní, “Ó ní ó rẹ òun,” tí kò sì sí ẹni tí ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò gba oògùn tí ń fún ara lókun, yóò sì padà sílé.

Ta ni ó sì sábà ń túmọ̀? Ẹni tí ó ń gbá ilẹ̀ ilé ìwòsàn, tàbí àbúrò ọkọ tí ó fi alùpùpù gbé e wá. Ìyàwó ilé wo ni yóò jókòó níwájú àbúrò ọkọ rẹ̀, tí yóò máa ka ohun tí ó ń jáde lára òun fún àlejò? Yóò ní inú ń run òun. Dókítà yóò sì wo inú rẹ̀ títí, kò ní rí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ “ibà” pàápàá gbòòrò. Ara gbígbóná ọmọ, àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà, àti àárẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, gbogbo wọn ni a ń pè ní ibà. Nítorí náà, dókítà tí ó bá fẹ́ pẹ́ ní Sábẹ̀ẹ́ yóò wá àgbà obìnrin kan tí ó lẹ́nu tí ó sì lè pa àṣírí mọ́, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń béèrè: láti ìgbà wo? Ó ń bọ̀ ó ń lọ ni, àbí ó dúró? Kí ni ẹ ti lò sí i nílé?

Dókítà kan wà tí ó gba ọ̀nà báyìí ní ilẹ̀ Yorùbá, ní ìhà kejì ààlà, ohun tí ó sì ṣe ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá. David Morley ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ọdún 1956 ni ó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ní Nàìjíríà. Kò jókòó sí Iléṣà kí ó máa retí àwọn ọmọ tí a ó gbé wá nígbà tí ó bá ti bọ́ sórí. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ọjọ́ ìbí, tí wọ́n ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n sì ń kọ ohun tí ó ṣe wọ́n sílẹ̀.

Ohun tí ó ń pa àwọn ọmọ náà kì í ṣe àrùn tí kò ní orúkọ. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ tí ó wọ inú àyà àti éèyi ni. Ara tí kò rí oúnjẹ tí ó pé kì í sì í lè bá wọn jà. Morley kíyè sí ohun kan. Kí ojú ọmọ tó rẹ̀, kí irun rẹ̀ tó yí àwọ̀, kí ìyá rẹ̀ tó fura, ìwọ̀n rẹ̀ ti kọ́kọ́ dúró sójú kan. Nítorí náà ó ṣe ìwé kan tí a ya ilà sí. Lóṣooṣù, a ó wọn ọmọ, a ó fi àmì kékeré sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé, a ó sì fa ilà láti àmì ti oṣù tí ó kọjá dé àmì tuntun.

Kò tọ́jú ìwé náà sí ilé ìwòsàn. Ìyá ọmọ ni ó gbé e fún, nínú àpò ọ̀rá kí omi má baà bà á jẹ́. Àwọn kan á rò pé ìyá tí kò mọ̀wé yóò sọ ọ́ nù. Òdìkejì ni ó rí: àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ohun mìíràn tí ó ṣe ni pé ó kọ́ àwọn olùtọ́jú àti àwọn obìnrin ìlú náà ní ohun tí ẹnikẹ́ni ti rò tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ dókítà nìkan ni, kí àwọn ọmọ lè rí ìtọ́jú ní ọjọ́ tí dókítà kò sí nílé. Morley kú ní ọdún 2009. Nígbà náà, ìwé ìwọ̀n tí ó ti Ìmẹ̀sí-Ilé jáde ti tàn ká ayé.

Ìwé ìlera tí ìyá ọmọ ń gbé wá sí ọjọ́ àjẹsára ní Sábẹ̀ẹ́, ọmọ bíbí inú ìwé Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Ẹni tí ó bá ti mọ nọ́ńbà lè kà á. Bí ilà bá ń gòkè lóṣooṣù, ọmọ ń dàgbà. Bí ilà bá sùn gbalaja, tí kò gòkè tí kò sọ̀, ẹ má ṣe dúró de oṣù mìíràn, ẹ béèrè ìdí lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Bí ilà bá ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ni, kódà bí ọmọ náà bá ń ṣeré. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú dókítà, ìwé yìí ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Yóò rí oṣù tí ìjàǹbá bẹ̀rẹ̀. Yóò rí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ti fún un àti èyí tí ó kù. Láìsí ìwé, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn ni. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń fi í sílẹ̀ nílé ní ọjọ́ àìsàn, tí wọ́n sì ń mú un wá ní ọjọ́ àjẹsára nìkan.

Kì í ṣe òní ni a ti ń rán dókítà sí ìgbèríko. Ní ọdún 1918 ni àwọn Faransé dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Àwọn ọmọ Dahomey lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni Émile Derlin Zinsou, tí ó di ààrẹ ilẹ̀ wa ní ọdún 1968. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n pe àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, wọn kò kà wọ́n sí dókítà bí ti Faransé, ibi tí ìjọba bá sì rán wọn lọ ni wọ́n ń lọ. Dókítà òde òní lè kọ̀. Ọ̀pọ̀ ń kọ̀. Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Parakou ni ọ̀pọ̀ wọn kó jọ sí, àwọn mìíràn sì wà ní Faransé.

A kò gbọdọ̀ yára dá wọn lẹ́bi. Dókítà tí ó wà ní ìgbèríko kì í sábà rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó lè bi léèrè ní òru pé, “Kí ni ìwọ ìbá ṣe?” Ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ lè má rí iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà, ó ń ronú ilé ẹ̀kọ́ wọn. Bí aláìsàn tí ó dé pẹ́ jù bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, ìlú kéré, ojú tí a fi ń wò ó lọ́jà ní ọjọ́ kejì yóò yí padà. Bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́wàá ni ẹni náà ti lò kí ó tó dé.

Ní Mali, a ti wá nǹkan ṣe sí i. Láti òpin àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí abúlé, ní ilé ìlera tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń ṣàkóso. Ẹgbẹ́ Santé Sud, tí ó wà ní Marseille ní Faransé, ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1993, àwọn dókítà náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. A ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ìgbèríko kí wọ́n tó lọ, àwọn tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ sì ń bẹ àwọn tuntun wò, kí ẹnikẹ́ni má baà dá nìkan wà. Irú iṣẹ́ yìí ti dé Bẹ̀nẹ̀ náà.

Ipa àwọn ará ìlú nínú rẹ̀ kò sì jẹ́ àjèjì sí wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Pahou, láàárín Kútọnu àti Ouidah, a dán an wò pé kí aláìsàn san owó díẹ̀ lórí oògùn, kí owó náà má kúrò ní ilé ìlera, kí àwọn ará ìlú sì wà nínú àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àpótí oògùn kò ṣófo mọ́. Nígbà tí àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako ní ọdún 1987, irú ìlànà yìí ni wọ́n fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú ti wà ní àwọn ilé ìlera wa. Ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó mọ̀wé, tí ó lè ka ìwé owó, tí ó sì lè béèrè pé, “Ìbọ̀wọ́ mélòó ni ó kù?” ń dáàbò bo dókítà, ó sì ń dáàbò bo aláìsàn.

Ní àwọn oko Kaboua, ẹrọ̀fọ̀ yóò tún bo ọ̀nà nígbà òjò tí ń bọ̀. Ìrọbí yóò tún bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Bí ẹbí bá ti jókòó nígbà tí oyún wà ní oṣù méje, tí wọ́n ti mọ alùpùpù tí a ó pè, tí a ti fi owó rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí kì í lọ sí oko jíjìn, tí a sì ti kọ nọ́ńbà tẹlifóònù agbẹ̀bí sára ògiri, a kò ní ránṣẹ́ sí ọkọ kí a tó gbéra. Ọ̀nà ni yóò ti pàdé wọn. Dókítà yóò rí obìnrin náà kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ó ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ó ń dùn ún.